Baba Amẹ́ríkà Ilé Wa

Ọdún tí wọ́n pàṣẹ ní Nàìjíríà pé kí gbogbo awakọ̀ fi apá òsì sílẹ̀, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún bíi tiwa níhìn-ín ní Douala, ọdún náà ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mi ò kàwé, mi ò lè fi nọ́ńbà pe ọdún, ṣùgbọ́n mo rántí bí àwọn awakọ̀ tó ń kó ẹrù gba ọ̀nà Mamfe wá sí Douala ṣe ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọjà. Wọ́n ní àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìyàwó wọn ló ń fi ẹfun sàmì sí wọn lọ́wọ́ ọ̀tún láàárọ̀, kí wọ́n má baà gbàgbé. Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí sọ pé ọdún 1972 ni. Ó dáa, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo ti tó ọmọ ogún ọdún nígbà náà, tàbí kí n lé díẹ̀. Èmi àti ìyá mi ń ta òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì ní ọjà Marché Dakar. Bàbá mi ní tirẹ̀ ń ta abọ́ tánganran ní Marché Central. Bí o bá yà sí ìsọ̀ rẹ̀, kí o tó bi í léèrè iye tí abọ́ jẹ́, wàá ti mọ̀ pé ará Amẹ́ríkà ni bàbá tó bí bàbá rẹ̀. Á fi èékánná ta abọ́ náà kó dún gbain, á ní, "Ohun tó dára nìkan ni ilé wa mọ̀. Ọmọ Baba Amẹ́ríkà ni mí." Oníbàárà tó jẹ́ Faransé nìkan ló gbọ́ á dá "Amẹ́ríkà" mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, á rò pé ibẹ̀ ni abọ́ ti wá, á sì rà á. Bàbá mi kì í tún èrò rẹ̀ ṣe fún un.

Mùsùlùmí kan tó jẹ́ ará Ìwó ló ń ta aṣọ ní ìsọ̀ tó tẹ̀ lé tirẹ̀, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ sì ni wọ́n. Bí oúnjẹ ọ̀sán bá dé, á ké sí bàbá mi pé, "Amẹ́ríkà, ṣé ẹ máa bá wa jẹ ẹ̀bà yìí, àbí ẹ ṣì ń retí ọkọ̀ òkun?" Bàbá mi á ti máa fọ ọwọ́ bọ̀, á ní, "Ẹni tí kò ní baba rere, ẹ jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀."

Kì í ṣe pé ó ń purọ́ o. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún un ló ṣe ń sọ ọ́. Bàbá tó bí i kú nígbà tí kò tíì mọ ìrìn rìn dáadáa. Ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n, ó tẹ̀ lé àwọn oníṣòwò wá sí Douala, ó fẹ́ ọkọ mìíràn níbí, ó tún bí ọkùnrin kan àti obìnrin kan fún ìyẹn. Ìyá yìí ló ń sọ ìtàn Baba Amẹ́ríkà fún un ní gbogbo ìgbà tó bá ń sunkún pé òun kò mọ bàbá òun. Ó ní òun bá a láàyè nígbà tí òun wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ó ní ó ga, ó ń dé àkẹtẹ̀, kì í jẹun àfi bó bá jókòó lórí àga, ó sì ń gbàdúrà kó tó run orín. Baba Amẹ́ríkà báyìí, Baba Amẹ́ríkà bẹ́ẹ̀. Mi ò gbọ́ kí ìyá náà pe orúkọ mìíràn fún un rí títí ó fi kú.

Kò sí ẹni tó jiyàn pẹ̀lú bàbá mi, nítorí gbogbo wa ní ṣọ́ọ̀ṣì la mọ̀ pé irú wọn wà. Láyé àtijọ́, àwọn aláwọ̀ dúdú kan tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ, bá àwọn oníwàásù wá sílẹ̀ Yorùbá. Wọ́n mọ ilé bíríkì, wọ́n la pákó, wọ́n fẹ́ ọmọ ìlú, wọn kò sì padà mọ́. Ọmọ wọn ń bẹ káàkiri títí dòní.

Ìgbà náà ni káfíńtà kan wá tún ilẹ̀kùn ìsọ̀ wa ṣe ní Marché Dakar. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, òun ló kan àwọn bẹ́ǹṣì tí à ń jókòó lé. Ó wọn ilẹ̀kùn náà lọ́jọ́ Ajé, ó padà wá wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún yọjú lọ́jọ́ Rú pẹ̀lú tépù rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá mi wò ó, ó ní, "Káfíńtà, ṣé ilẹ̀kùn wa ń dàgbà ni?"

Ó ní, "Rárá, Ìyá. Pákó ni kò ṣeé fọkàn tán."

Ìyá mi ní, "Kì í ṣe pákó nìkan."

Òun náà ni bàbá àgbà yín. Ẹ máa rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kó má rí bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ọ̀sán Sátidé ni, nínú pálọ̀ wa ní àdúgbò New Bell. Bàbá káfíńtà ti kú, ìyá rẹ̀ ló kó èèyàn wá, pẹ̀lú díákónì àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa tó jẹ́ alágbàsọ fún wọn. Ìyá náà gbé Bíbélì ńlá kan dání, ó fi gèlè funfun wé e bí ẹni pọn ọmọ tuntun. Ó ti gbọ́ nípa ẹnu bàbá mi. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, a gbọ́ pé ilé tó ní ìtàn ni a wá fẹ́ ọmọ. Àwa náà kì í ṣe ẹni tí afẹ́fẹ́ gbé wá. Bàbá tó bí bàbá ọkọ mi, Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí. Ìyàwó ilé ni èmi, ẹnu mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ wọn. Ìwé ni yóò bá mi pè é."

Díákónì wọ awò ojú, ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ tó ti pẹ́, tàdáwà rẹ̀ ti ń pọ́n. Ó ka orúkọ bàbá náà, orúkọ òyìnbó ni. Ó ka ìlú tí wọ́n ti bí i ní Amẹ́ríkà, ó ka bó ṣe wọkọ̀ òkun wá, pé káfíńtà ni, pé Ògbómọ̀ṣọ́ ló tẹ̀dó sí, ó ka orúkọ ìyàwó tó fẹ́ níbẹ̀. Ó wá ka àwọn ọmọ: ẹ̀kíní, ẹ̀kejì, ẹ̀kẹta. Ó tẹ ojú mọ́ ewé náà.

Bàbá mi ní, "Ẹ máa kà á lọ."

Díákónì ní, "Ikán ti jẹ ìyókù."

Lóòótọ́, ihò kan wà nísàlẹ̀ ewé náà tó lè gba ọmọ ìka mẹ́ta. Bàbá mi ti dìde. Ó ní, "Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ pè é? Ìlú wa nìyẹn. Ṣé ó ń dé àkẹtẹ̀?"

Ìyá káfíńtà ní, "Wọ́n ní kì í jáde láìdé e."

"Ṣé ó ga?"

"Gíga rẹ̀ ni ọmọ mi jogún."

Bàbá mi tẹ̀ síwájú sórí Bíbélì náà, ó ti ìka bọ inú ihò, ó ní, "Níbí ni bàbá mi wà. Ẹ wò ó. Ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí ni ikán jẹ yìí."

Ariwo ayọ̀ sọ. Bàbá mi ní kí ìyá káfíńtà dìde, pé ìyàwó ilé òun ni látòní lọ. Ìyá náà tún kúnlẹ̀, ó ń kí i ní "ọkọ mi, ọkọ mi." Àwọn tó bá wọn wá ń pàtẹ́wọ́. Èmi àti ìyá mi ń gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò jáde láti ẹ̀yìn, àwa náà ń rẹ́rìn-ín, a ò tíì ronú.

Díákónì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí agbádá nù ún. Ó ní, "A dúpẹ́. Ẹbí ti rí ara wọn. Ó wá ku ọ̀kan. Bó bá jẹ́ bàbá kan náà ló bí àwọn baba yín, a jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni àwọn ọmọ méjèèjì yìí. A kì í sì í fi àbúrò fún ẹ̀gbọ́n fẹ́."

Ìka bàbá mi ṣì wà nínú ihò. Mo wo káfíńtà, káfíńtà wò mí, àwa méjèèjì wo ihò náà.

Díákónì kò lé ẹnikẹ́ni jáde. Ó ní kí tọ̀túntòsì lọ wádìí, ká tún pàdé lẹ́yìn ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta. Ìyá káfíńtà wé Bíbélì rẹ̀ padà, ó ń gbọn orí. Wọn kò tilẹ̀ mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò náà tán.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ lè sọ pé kí ló dé tí a ò dákẹ́ ká fẹ́ ara wa. Kò ṣeé dákẹ́ lé. Bí ọ̀rọ̀ ìbátan bá ti jáde lẹ́nu lójú àwọn àgbà, a ní láti wádìí rẹ̀ dópin. Lọ́jọ́ Ajé tí mo dé ọjà, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi ti gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ káàárọ̀ o." Òwú pupa ni mo ń wọ̀n fún ẹni tó ní dúdú lòun fẹ́. Bí káfíńtà bá kọjá níwájú ìsọ̀, ó máa ń wo ilẹ̀kùn tó ti tún ṣe tán, kò sí ohun tó lè wọ̀n mọ́.

Bàbá mi ò mọ èyí tí ì bá ṣe. Inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ bàjẹ́. Láti kékeré ló ti ń wá ìwé tó máa jẹ́rìí sí ẹbí bàbá rẹ̀, ó wá rí i, ojú ẹsẹ̀ náà ni wọ́n ní kó fi ọkọ ọmọ rẹ̀ san án. Ó ń tù mí nínú pé, "Ọkọ kò wọ́n. Ẹni tó mọ orísun rẹ̀ ló wọ́n." Ìyá mi ló dáhùn, ṣùgbọ́n kò dáhùn lọ́jọ́ náà.

Ó tó bí ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó ń fọ ewúro lẹ́yìnkùlé, bàbá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá wọn, ta ló sọ fún yín pé ará Amẹ́ríkà ni bàbá yẹn?"

"Ìyá mi ni."

"Ìyá yín, ọmọ ilé yẹn ni wọ́n, àbí ìyàwó?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ìyàwó ni wọ́n."

"Ẹ ṣeun. Àbúrò yín tó wà ní Bonabéri, kí ni mo máa ń pè é?"

"Dókítà."

"Ṣé ó gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ rí?"

Búrẹ́dì ni àbúrò bàbá mi yẹn ń tà. Ìyá mi ń fọ ewúro rẹ̀ lọ. "Ọjọ́ tí mo wọlé yín ni mo bá a tó ń fi àkísà di ẹsẹ̀ adìyẹ tó kán. Mo pè é ní Dókítà. Adìyẹ náà kú. Àbúrò yín obìnrin tí mò ń pè ní Sísí Èkó ńkọ́, ṣé ó ti dé Èkó rí?"

Bàbá mi ní, "Ó máa ń ró aṣọ àrán kiri ni."

"Ẹ rí i. Bí àwọn ọmọ Dókítà bá dàgbà, tí wọ́n bi èmi léèrè bàbá wọn, tí wọ́n sì lọ kọ ọ́ sínú ìwé pé oníṣègùn ni, ẹ̀bi ta ni?"

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí àṣà náà ti ń lọ. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí lánàá kó tó dé. Á wo ojú onítọ̀hún, á wo ìrìn rẹ̀ tàbí aṣọ tó wọ̀, á fi ìyẹn sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ náà lè mọ́ ọn lára ju ti bàbá àti ìyá rẹ̀ lọ. Ọmọ-ilé nìkan ló lè la ẹnu pe orúkọ gidi. Ọ̀dọ̀ ìyàwó ni bàbá mi sì ti gbọ́ gbogbo ìtàn tirẹ̀.

Ó dìde, ó dé àkẹtẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bínú jáde. Ó tún jókòó. Ó ní, "Ta wá ni ká bi?"

Ìyá mi ní, "Ọmọ bàbá náà kan ń bẹ láàyè. Ẹ mọ̀ ọ́n. Èéfín rẹ̀ ni ẹ ò fẹ́."

Àbúrò bàbá tó bí bàbá mi ni ìyá àgbà yìí, ọmọ Baba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló mú un wá sí Douala kí wọ́n tó bí mi, ó sì ń yan ẹja ní Youpwè létí omi. Ọdún Kérésì nìkan la máa ń rí i. Bàbá mi bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n kì í lọ síbẹ̀. Ó ní èéfín ẹja kì í kúrò lára aṣọ funfun, àti pé ẹnu ìyá náà mú.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ takisí lọ sí Youpwè. Àwọn ọkọ̀ ojú omi ti gúnlẹ̀, àwọn obìnrin ń jà lórí ẹja tútù. Ìyá àgbà wà nídìí bàńdà rẹ̀, àtẹ wáyà tí wọ́n ń to ẹja sí lórí iná. Obìnrin kékeré ni, gbígbẹ, ojú rẹ̀ pọ́n fún èéfín. Apẹja kan rí bàbá mi nínú aṣọ funfun tó ń fò gba àárín ẹrẹ̀, ó ní, "Mami, big man don come buy all fish."

Ìyá àgbà ò gbójú sókè. "Na my brother pikin. E di fear smoke."

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, èyí tí aṣọ rẹ̀ gbà. "Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Ọ̀rọ̀ kékeré kan la bá wá."

"Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ló gbé ìwọ dé ibí. Jókòó. Ìyàwó mi, ẹ káàbọ̀." Ìyá mi ni ìyá àgbà ń kí bẹ́ẹ̀. Ó da agbada kan dé, ó tì í síwájú bàbá mi. Bàbá mi tẹ́ áńkáṣíìfù lé e kó tó jókòó.

Ó ní, "Ìyá, bàbá yín, ìlú wo ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá?"

Ìyá àgbà yí odindi ẹja kan, ó yí èkejì, ó ní, "Bàbá ta ni?"

"Bàbá yín. Baba Amẹ́ríkà."

Ó bú sẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Ìgbà gbogbo tí o ń sọ ọ́ ní Kérésì, mo rò pé ẹ̀fẹ̀ lò ń ṣe. Abúlé kan lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí bàbá mi sí. Ó dojú bolẹ̀ jáde nínú ìyá rẹ̀, orúkọ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń mú tọ̀run wá náà ni wọ́n sọ ọ́." Ó wá pe orúkọ náà, ó pè é tẹnu tẹnu bí ẹni ń pe ewúrẹ́ wálé.

Bàbá mi ní, "Amẹ́ríkà ńkọ́?"

"Ó bá àwọn oníwàásù ará Amẹ́ríkà pọn omi. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn ń lọ sílé, ó fún un ní àkẹtẹ̀ ògbólógbòó. Láti ọjọ́ náà kò ṣí i lórí mọ́. Ó ń dé e lọ sóko, ó ń dé e jẹun. Àwọn ìyàwó ń wọlé, wọn ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Kí ni wọn ì bá pè é? Àkẹtẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ìyá rẹ ló fi iyọ̀ sí i fún ẹ, kó o lè dákẹ́ ẹkún."

Bàbá mi ò fẹ́ kó tán síbẹ̀. Ó ní, "Ṣé kò lè jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ló ti Amẹ́ríkà wá?"

"Ìyá rẹ̀ ń ta ògì."

"Ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Òun ló kọ́ ọ ní ògì."

Ìyá mi ń wúkọ́. Ó ní èéfín ni.

Bàbá mi wá sọ ti Bíbélì fún un, ti ikán, ti ọmọ rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ káfíńtà. Ìyá àgbà tẹ́tí títí ó fi parí. Ó ní, "O wá ti ìka bọ ihò tí ikán jẹ, o fa bàbá rẹ jáde. Èmi ńkọ́, ṣé mo wà nínú ihò náà?"

"Ẹ wà níbẹ̀, Ìyá."

"O ṣeun tí o ò gbàgbé mi."

Lẹ́yìn náà, ohun tí mi ò retí ṣẹlẹ̀. Ìyá àgbà fi ẹ̀mú tó fi ń yí ẹja sílẹ̀, ó nu ọwọ́ sí ìró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki bàbá rẹ̀. Ó ki bàbá tó bí bàbá rẹ̀, ó ki ìyẹn tó bí ìyẹn, títí ó fi dé ìran karùn-ún, ẹni tó kọ́kọ́ tẹ abúlé náà dó, irú iṣẹ́ tó ṣe, irú ẹran tí wọn kì í jẹ. Bàbá mi ò gbọ́ odindi rẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó ṣí àkẹtẹ̀, ó gbé e lé eékún, ó tẹ orí ba. Èéfín ń gbá a lójú, kò yẹra.

Nígbà tí ìyá àgbà parí, bàbá mi rọra ní, "Ìyá, ṣé dandan ni ká sọ ọ́ síta?"

"Kì í ṣe dandan. Bó bá jẹ́ Amẹ́ríkà lo fẹ́, máa mú un lọ. Kí ọmọ rẹ máa wá ọkọ mìíràn. Ìwọ náà wo èyí tó o fẹ́ gbé sílé nínú méjèèjì."

Ìyá àgbà di ẹja yíyan fún wa nínú bébà. Bàbá mi ló gbé e sórí itan nínú takisí títí a fi délé, lórí aṣọ funfun náà, kò sì mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e ló gùn jù láyé mi. Ìyá mi ní kí n má bi bàbá mi léèrè èyí tó mú, pé ọkùnrin tó ń sọ ẹrù kalẹ̀, a kì í ké mọ́ ọn. Aláṣọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ fún wa pé ó ṣì ń fi èékánná ta abọ́ fún oníbàárà, ṣùgbọ́n bó bá ti dún tán, kì í sọ nǹkan kan tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Pálọ̀ kan náà, àwọn èèyàn kan náà, ìyá àgbà nìkan ló lé, ó jókòó sí kọ̀rọ̀, òórùn ẹja rẹ̀ gba gbogbo ilé. Bàbá mi ti bẹ̀ ẹ́ pé kó wá gbẹnu sọ fún òun. Ó ní òun máa wá, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé e sókè ni yóò gbé e sọ̀.

Díákónì ní, "Bàbá, kí ni ìwádìí yín wí?"

Bàbá mi dìde. Ó tún aṣọ ṣe léjìká. Ó wo ìyá àgbà, ìyá àgbà ń wo àjà. Mo di ọwọ́ ìyá mi mú lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo rò ó pé bó bá ní Amẹ́ríkà, kò sí ẹni tó máa ja á níyàn, torí ìyá àgbà ti ní òun ò ní sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ̀yin àna mi."

Àna ló pè wọ́n. Kò pè wọ́n ní ẹbí.

Ó ní, "Bàbá tó bí bàbá mi, omi ló ń pọn fún àwọn oníwàásù. Lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí i sí. Amẹ́ríkà tí mò ń pè kiri, àwọn ìyàwó ló fi sọ ọ́ lórúkọ, mo gbé e wọ̀ bí ẹ̀wù. Kò sí bàbá mi nínú ihò yẹn. Ẹ dárí jì mí." Ó jókòó.

Díákónì yí sí ìyá àgbà, ìyẹn ní bẹ́ẹ̀ ni, ó pe orúkọ bàbá rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ tó bí, ó ní kí wọ́n wò ó bóyá ọ̀kan bá wà nínú ìwé wọn. Díákónì fi orúkọ mẹ́ta tó kù nínú Bíbélì náà wé e. Kò sí èyí tó jọra. Ó ní ọ̀rọ̀ parí.

Ìyá káfíńtà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo ti ń kí yín ní ọkọ mi káàkiri New Bell. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, mo ti dopó."

Bàbá mi ní, "Ẹ máa kí mi ní àna. Mò ń jẹ́ ìyẹn náà."

Káfíńtà dìde kó dọ̀bálẹ̀, tépù jábọ́ lápò rẹ̀, ó yí títí ó fi dé ẹsẹ̀ bàbá mi. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tẹ tépù náà mọ́lẹ̀, ó ní, "Kí lo tún fẹ́ wọ̀n?"

A ṣègbéyàwó nígbà tí òjò dáwọ́ dúró lọ́dún náà. Aláṣọ ará Ìwó kò pe bàbá mi ní Amẹ́ríkà mọ́, Olómi ló kù tó ń pè é. Fún bí oṣù méjì ó ń dùn ún. Lẹ́yìn náà ni mo dé ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí mo gbọ́ tó ń sọ fún oníbàárà kan, "Ọmọ ẹni tó pọn omi fún àwọn ará Amẹ́ríkà ni mí. Bí kò bá sí omi yẹn, ta ni ì bá wàásù?" Mo mọ̀ pé ara rẹ̀ ti yá.

Èmi náà di ìyàwó. Mo sọ àwọn àbúrò ọkọ mi lórúkọ bí mo ṣe bá wọn, mi ò lè kà á fún yín tán. Nígbà tí àwọn ọmọ mi sì dàgbà tó ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀, tí wọ́n fẹ́ mọ orúkọ àwọn baba wọn, mo ní kí wọ́n má bi mí. Mo ní, "Ìyàwó ni mí nílé yìí, èyí tó dùn lẹ́nu mi ni máa sọ fún yín. Ẹ lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá yín obìnrin." Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì ń kó wọn lọ lẹ́yìn ìsìn, títí wọ́n fi mọ orúkọ àwọn baba wọn dórí ẹni tó wọkọ̀ òkun wá. Mo sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ Amẹ́ríkà wà lára wọn lóòótọ́, láti ọ̀dọ̀ bàbá wọn, ó sì wà nínú Bíbélì. Mo ní, "Ẹ lè fi yangàn níléèwé, ẹ lè fi yangàn lọ́jà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ bàbá tó bí mi, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Òun náà ní Amẹ́ríkà tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó dìde lójú gbogbo èèyàn, ó dá a padà, kí n lè rí yín bí."